Ẹ Jẹ́ Ká Máa Yọjú Síra Wa
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ní èèyàn nínú òwò. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ohun tójú mi rí nínú ọjà ni màá sọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé gàrí wá síbí, mi ò mọ ẹnì kankan. Àwọn tó ń kó gàrí wá láti oko kì í tà á láwìn fún mi. Obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi wá lọ bímọ, kò sẹ́ni tó máa bá a ta ọjà. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a tà á. Gbogbo kóńgò tí mo bá tà, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá kó owó lọ bá a nílé.

Lọ́dún kejì, òjò ba àpò gàrí mi jẹ́, owó òwò mi wọlẹ̀. Obìnrin yẹn ló fà mí lọ́wọ́ lọ bá àwọn tó ń já ọjà fún un. Ó ní, "Ẹni tó bá mi ta ọjà tí kọ́bọ̀ ò dín nìyí." Àpò mẹ́wàá ni wọ́n gbé fún mi láwìn lọ́jọ́ náà. Ṣé mo mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ẹ má fi oore ṣe ìwọ̀ ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi náà. Ọkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kú, ọjà ń tà, mo bá fi owó rán ọmọ sí i. Nígbà tá a pàdé, ó ní, "Akọ̀wé, owó yín dé, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin gan-an ni mi ò rí." Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ẹ wo Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1944, àwọn obìnrin tó kàwé nínú ẹgbẹ́ Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé. Níbi tí wọ́n ti ń jókòó pọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Ẹgbẹ́ náà bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìjọba. Lọ́dún 1946 ó di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìjà owó orí dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló jáde, títí Aláké fi sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Kì í ṣe ọjọ́ ìjà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra wọn.

Àwa ńkọ́? Lóṣù tó kọjá, ìsọ̀ kan wà ní títì fún ọjọ́ mẹ́jọ nínú ọjà yìí. Àìsàn ló dá ẹni tó ni ín dúbúlẹ̀. A ń gba ibẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó béèrè. Ojú tì mí.

Mo bẹ̀ yín. Bí ìsọ̀ ẹnìkan bá tì fún ọjọ́ méjì, kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ wò ó. Bí ẹni tuntun bá wọ ọjà, ẹ fi ojú ọ̀nà hàn án. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ ṣì fi ẹsẹ̀ yín débẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.

Ọjà á tà, a ò ní ṣòfò o.