Àsọyé Níti Bí Ẹ̀jẹ̀ Ti Ń Di Afẹ́fẹ́ Ìyè Mú

Láti Lẹ́kkí títí dé Ajah, ọ̀sà wà ní apá kan, òkun wà ní apá kejì, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Síbẹ̀ a ń rí aláìsàn tí ń mí hẹlẹhẹlẹ láàárín rẹ̀. Nígbà mìíràn, inú ẹ̀jẹ̀ ni ìdí rẹ̀ wà.

Ẹ wo àwọn alábàárù ọjà Ajah. Iṣẹ́ wọn pé méjì: kí wọ́n gbé ẹrù, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbi tí ẹlẹ́rù ń fẹ́. Ẹni tí kò dì í mú dáradára yóò jù ú sílẹ̀ lọ́nà. Ẹni tí ó sì dì í mú jù, tí ó kọ̀ láti sọ̀ ọ́, kò ṣe ẹlẹ́rù ní àǹfààní kankan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni hìmóglóbìn, èròjà tí ó mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Ó ń gba ọ́síjìn, tíí ṣe afẹ́fẹ́ ìyè, nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń gbé e lọ fún ọpọlọ, ọkàn àti gbogbo ẹran ara.

Báwo ni a ṣe ń mọ bí ó ti dì í mú tó? Oníṣègùn a fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ a sì sọ ohun mẹ́ta fún un: agbára tí ọ́síjìn inú rẹ̀ fi ń tì, iye hìmóglóbìn tí ó ru ẹrù nínú ọgọ́rùn-ún, àti bí ẹ̀jẹ̀ náà ti kan tó. Láti inú èyí ni yóò ti ṣírò agbára tí ó tó láti di ẹrù ru ìdajì hìmóglóbìn. P50 ni orúkọ ìṣirò náà. Lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, ó tó nǹkan bí 27, bí a bá fi mílímítà mẹ́kúrì wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ kò dì í mú ṣinṣin. Bí ó bá rẹlẹ̀, ó dì í mú jù. Ti ọmọ inú oyún tó nǹkan bí 20. Nípa èyí ni ó fi ń rí ọ́síjìn gbà lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Hìmóglóbìn tiwọn kì í di ọ́síjìn mú ṣinṣin. P50 wọn a sì máa ju 30 lọ nígbà púpọ̀. Bí ó bá ti sọ ẹrù tán, a so mọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, a dí ọ̀nà, ìrora a sì dé.

Àwọn amòye rò pé bí a bá mú kí ọwọ́ rẹ̀ le, ìyọnu yìí yóò dínkù. Lórí èrò yìí ni a ṣe oògùn voxelotor, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2019. Iye hìmóglóbìn àwọn aláìsàn gòkè nítòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán an wò lára àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, Nàìjíríà pẹ̀lú, ikú pọ̀ láàárín àwọn tí ó lò ó ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ní oṣù September 2024, ilé iṣẹ́ Pfizer kó o kúrò ní ọjà gbogbo ayé. Nítorí náà, kí iye gòkè lórí ìwé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìwòsàn.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà?

Èkíní, ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ ìka ń sọ iye alábàárù tí ó ru ẹrù nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sọ bí wọ́n ti pọ̀ tó, kò sì sọ bí ẹrù ti ń délé. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ lè ka 98 níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń mí kíákíá, tí ojú rẹ̀ funfun, tí egungun ń ro ó, kí a má ṣe jókòó ti ẹ̀rọ náà. Kí a tètè gbé e lọ, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ kì í dúró de aláìsàn.

Èkejì, kí a sọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fún oníṣègùn kí ó tó túmọ̀ iye kankan.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ìfẹ́ wọn tó jinlẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti kéde ìgbéyàwó. Ilé Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà fún ìmọ̀ràn.

Ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè kì í ṣe iye ẹrù tí a gbé nìkan, ṣùgbọ́n bóyá ó dé ọwọ́ ẹni tí ń retí rẹ̀.