Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Orúkọ Ìlú Wa Kọ́ Ọmọ ní Ìwé Kíkà

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kúrò ní Ọ̀yọ́, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti wà ní práímárì kìíní. Mi ò tíì jókòó tán tó fi gbé ìwé ẹ̀ dé. "Àǹtí, ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ń kàwé!" Ló bá bẹ̀rẹ̀: "A for apple, B for ball." Ó dé Z láì mí. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán bọ́ọ̀lù, mo fi ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Kí ni wọ́n kọ síbí?" Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò, mi ò rí i."

A rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n nígbà tó dalẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ yìí ò kàwé, àwòrán ló ń kà. Ọpọlọ ẹ̀ sì jí pépé: tó bá ń pàlọ́, ẹ ò ní fẹ́ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n níléèwé ẹ̀, èdè tó fi ń pàlọ́ yẹn, "vernacular" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sọ ọ́ á sanwó ìtanràn.

Kí tiẹ̀ ni ìwé kíkà? Kí ojú rí àmì, kí ẹnu mọ ìró tí àmì yẹn dúró fún, kí ọkàn sì mọ ìtumọ̀ ohun tó jáde. Ọmọ tí ẹ fi èdè tí kò gbọ́ kọ́, ẹnu ẹ̀ lè pè é, ọkàn ẹ̀ ò ní mọ ohun tó pè. Ẹ tún wo "a" inú apple àti "a" inú ball, ìró wọn ò dọ́gba. Nínú Yorùbá, "a" ni "a" níbi gbogbo. Lẹ́tà wa ò ju 25 lọ, fáwẹ̀lì àìránmúpè sì jẹ́ 7 péré.

Wọ́n ti dán an wò rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ní iléèwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ práímárì. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Ó dáa. Òfin iléèwé nìyẹn. Ta ló ṣòfin fún yàrá ìgbàlejò yín?

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ ti tó. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ ìlú tọ́mọ mọ̀. Ẹ jẹ́ kó pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀-yọ́: ẹ̀ẹ̀mejì. Ò-gbó-mọ̀-ṣọ́: ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà, ohùn. Ọ̀yọ́, dò mí. Ògbómọ̀ṣọ́, dò mí dò mí. Ohùn Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì! Onílù ti mọ̀yẹn tipẹ́. Ẹ wá kọ ọ́, kẹ́ ẹ fi hàn án pé "gb" ò kí ń ṣe lẹ́tà méjì, ẹyọ kan ni. Ẹ mú "mọ̀" jáde, ẹ yí fáwẹ̀lì ẹ̀ padà: ma, mi, mu. Mu! Ọmọ ti ka ọ̀rọ̀ tó mọ̀ nìyẹn. Ẹ mú "yọ́" náà: òrí á yọ́ nínú oòrùn, èèyàn á yọ̀ nígbà ayẹyẹ. Àmì ló yà wọ́n.

Àwa àgbà náà lẹ́bi o. Ẹ wo WhatsApp wa: "Oko mi ti de." Ọkọ ló dé ni, àbí ọkọ̀? Yorùbá wà lórí Gboard. Ẹ tàn án.

Alẹ́ mẹ́ta péré ni mo lò pẹ̀lú ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń padà, ó sìn mí dé gáréèjì. Wọ́n kọ OYO gàdàgbà sára bọ́ọ̀sì kan. Ó dúró, ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ó ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́. Ló bá fà mí láṣọ: "Àǹtí, Ọ̀yọ́ ni! Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé àmì ẹ̀."

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó dàbọ̀.