Bí Ìrìn Àdúrà Bá Fẹ́ Gun Òkè Wa

   

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá dáhùn kò gùn: bí àwọn Kírísítẹ́nì bá ń ṣètò láti fi àdúrà rìn yí àwọn òkè ìlú kan ká, kí ni ó yẹ kí àwa oníṣẹ̀ṣe ṣe? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ní ìdáhùn lọ́kàn, pé kí a dí ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi ná.

Ètò gidi ni ìrìn àdúrà. Àwọn tí ń ṣe é a tẹ́ máàpù ìlú sílẹ̀, wọn a sàmì sí òkè, ọjà, ààfin àti ojúbọ, wọn a pín ara wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí olúkúlùkù mọ òkè tí yóò gùn. Ní 1987 ni àwọn ìjọ kan rìn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ó di ohun tí wọ́n ń pè ní March for Jesus, tí ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí 1990, C. Peter Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń tan ẹ̀kọ́ mìíràn kálẹ̀: pé ẹ̀mí búburú a máa jọba lórí àdúgbò, pé kí a wá ibùjókòó rẹ̀ rí, kí a sì fi àdúrà lé e. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ibi tí ẹni tí ó gbà á gbọ́ bá ti rí ojúbọ, ibẹ̀ ni yóò pè ní ilé ọ̀tá. Ó sì ní ẹ̀rí nínú Bíbélì rẹ̀, nítorí a yin Hesekáyà àti Jòsáyà ọba níbẹ̀ pé wọ́n wó ibi gíga. Bí ó bá ń ké mọ́ Èṣù lójú ọ̀nà, Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní 1884 ni ó fi orúkọ Èṣù tiwa lé e lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Àwọn Aládùúrà ti ń gun òkè kí ẹ̀kọ́ yìí tó dé rárá. Láti ìgbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà ní 1930, òkè tí wọ́n ti sọ di ibi àdúrà ní ilẹ̀ Yorùbá kò kéré. Ọ̀pọ̀ wọn a máa bọ́ bàtà níbẹ̀, wọn a gbààwẹ̀, wọn a sùn síbẹ̀. Ẹni tí ó bọ́ bàtà lórí òkè ti gbà pé ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán, ohun tí àwọn baba wa sì mọ̀ nìyẹn. (Mo sọ èyí fún àlùfáà ìjọ kan rí. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n kò jà mí níyàn.) Ẹni tí ó gun òkè láti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó gùn ún láti lé onílé jáde. A kò gbọdọ̀ kó wọn pọ̀.

Òkè kò yan ẹ̀sìn nígbà tí ó gba àwọn ènìyàn wa là. Ìtàn Ìbàdàn sọ pé nígbà tí ìlú tí Lágelú tẹ̀ dó tú, orí òkè ni àwọn tí ó kù sá sí, tí wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín, tí wọ́n ń fi ìkarahun ṣe àwo. Nítorí èyí ni a fi ń ṣọdún Òkè'Bàdàn ní oṣù kẹta, tí Abọkè sì jẹ́ àwòrò rẹ̀. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí ní nǹkan bí 1830. Kírísítẹ́nì ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá ń gégùn-ún fún òkè, ibi tí a ti gba ìyá ńlá rẹ̀ sílé ni ó ń gégùn-ún fún. Mo fẹ́ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní pẹ̀lẹ́, láìbínú.

Ní ti dídí ọ̀nà, mo lòdì sí i. Abala 38 òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní gbangba, abẹ́ òfin kan náà ni àwa náà sì ń wọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ dí wa lọ́wọ́ ọdún wa. Bí a bá ya á fún wọn, a ti ya á fún ara wa.

Ìgbà tí wọ́n ṣì ń ṣètò ni kí a lọ bá wọn. Lọ́jọ́ ìrìn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò ní etí. Kí àgbà méjì àti ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀wé kọ lọ, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bèèrè nǹkan díẹ̀: kí ọjọ́ ìrìn má bọ́ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà òkè náà, kí ẹnikẹ́ni má da òróró sí ojúbọ, kí wọ́n má gé igi, kí wọ́n má dáná, kí ẹni tí ń tọ́jú òkè bá wọn rìn, kí ó sì fi ààlà hàn wọ́n.

Níbí ni ẹsẹ̀ tiwa ti wọ́. Ta ni ń tọ́jú òkè wo? Ọjọ́ wo ni ọ̀sẹ̀ rẹ̀? Níbo ni ààlà rẹ̀ dé? Òkè mélòó ní Ìbàràpá yìí ni a lè dáhùn èyí fún, tí kò ní jẹ́ pé bàbá àgbàlagbà kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n? Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò ní 1965, UNESCO sì gbà á wọlé ní 2005. Ẹnu lásán kò lè ṣe ìyẹn. Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n fa ààlà. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí ń fọ́ òkúta tà. Wọn kì í gbàdúrà lórí òkè, dáínámáìtì ni wọ́n ń gbé wá. Bí wọ́n bá lọ tán, kò sí òkè mọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò gùn.

Mo mú ìwé kan wá. Kí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, tó dé, mo bẹ agboolé kọ̀ọ̀kan kí ó mú orúkọ òkè rẹ̀ wá, orúkọ olùtọ́jú rẹ̀, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, àti ọ̀nà tí a ń gbà dé ibẹ̀. Àwọn òkè tí ó wà láàárín Lánlátẹ̀ àti Èrúwà ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì mọ ọ̀nà wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ sílé.