Ẹni Tí Ó Gba Epo Sílẹ̀ Lájà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìjọ sọ ní Abúlé Ẹ̀gbá)

Ẹ ní kí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ti ìṣèlú wá bá yín sọ bí Kristẹni ṣe lè fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn nínú ipò olórí, nínú owó, àti nínú àwọn ohun kéékèèké tí a ń yàn lójoojúmọ́. A mọ̀ pé àwọn kan yóò máa wí nínú ara wọn pé, kí ni olóṣèlú mọ̀ nípa ìgbàgbọ́? Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nítorí pé ibi tí owó ìlú ń gbà kọjá kò jìnnà sí wa, a rò pé a ní ohun kan láti sọ, kò sì sí ibi tí ó yẹ kí a ti sọ ọ́ ju Abúlé Ẹ̀gbá yìí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé àdúgbò yìí tipẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni. Ní òru, àwọn olè ti lu ọ̀pá epo tí ó gba àdúgbò yìí kọjá, èyí tí a fi ń gbé epo láti Atlas Cove ní etí òkun Èkó lọ sí Mosimi lẹ́bàá Ṣágámù. Wọ́n fi ọkọ̀ tánkà gbé èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ, wọn kò dí ihò náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, epo bẹntiróòlù ń tú jáde, ìròyìn sì ń kàn láti ilé dé ilé. Ẹ má gbàgbé pé epo ṣọ̀wọ́n ní Èkó ní ọdún náà, pé àwọn ènìyàn ti ń tò sórí ìlà ní ilé-epo kí Kérésìmesì tó dé. Ọkùnrin gbé kẹ́ẹ̀gì, obìnrin gbé korobá, ọmọdé gbé ike. Lẹ́yìn náà ni iná sọ. Àwọn tí ó kú ju 200 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jóná débi pé ará ilé wọn kò lè dá wọn mọ̀, a sì kó wọn pọ̀ sin. Nínú wọn ni àwọn tí ó ti kọrin ìbí Olúwa ní àná wà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ìwàásù lórí iná yìí. Àwọn kan tilẹ̀ wí pé ìdájọ́ Ọlọ́run ni. Àwa kò ní bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-ìṣọ́ wó pa ènìyàn 18 ní Sílóámù, Jésù kọ̀ láti gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó kú ju ti àwọn tí ó kù ní Jerúsálẹ́mù lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kárùn-ún ọdún 2008, ní Ìjẹ̀gun tí kò jìnnà sí ìhín, ẹ̀rọ katakata tí ó ń la ọ̀nà ni ó bẹ́ ọ̀pá epo. Kò sí ẹni tí ó wá bu epo níbẹ̀. Iná sọ, ó jó ènìyàn, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà nínú àwọn tí ó fara gbá a. Èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ ti àwọn ọmọ náà? Nítorí náà, a kò wá síhìn-ín láti dá òkú lẹ́jọ́. Àwọn alààyè ni a ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Epo pupa ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé Abúlé Ẹ̀gbá ni wọ́n ń wò. Ọkọ̀ tánkà kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́ sí abẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ó wọ àdúgbò lóru, ó kọjá lójú ẹnì kan. Epo inú rẹ̀ kò ṣeé mu. Ó di dandan kí olè rí ẹni tí yóò rà á, ẹni tí ó rà á sì mọ̀ pé iye tí a pè é kò bá ti ọjà mu. Nígbà tí ó bá sì tà á tán, èrè náà a di ilé, a di aṣọ ẹbí, a di ọrẹ ìdúpẹ́ ní iwájú pẹpẹ. Ẹ wo gbogbo àwọn tí ó gba epo náà sílẹ̀ lájà, kí ẹ sì wo ìyá tí ó gbé korobá kan ṣoṣo wá ní òwúrọ̀, nígbà tí olè ti sùn, tí ó ti jí. Òun ni a sin.

A mẹ́nu kan pẹpẹ, a kò sì fẹ́ sáré kọjá níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2003, àwọn ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ akápò òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Èkó jáde, tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé ó jí owó òtẹ́ẹ̀lì, ó sì fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ta ìjọ lọ́rẹ. Àwọn ènìyàn bú akápò náà títí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó béèrè ìdí tí ìjọ kò fi béèrè ibi tí òṣìṣẹ́ olówó oṣù ti rí irú owó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Júdásì dá 30 owó fàdákà padà, àwọn olórí àlùfáà, àwọn kan náà tí ó ti pinnu ikú Olúwa, wọ́n ní owó ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí ìṣúra Tẹ́ńpìlì. Ó yà wá lẹ́nu púpọ̀ pé ojú àwọn yẹn mọ́ ju ti ìgbìmọ̀ ìjọ mìíràn lónìí, tí ó jẹ́ pé bí owó bá ti pọ̀ tó ni orin ìkíni káàbọ̀ ń gùn tó. Sákéù ẹ̀wẹ̀, agbowó-òde ọlọ́rọ̀, kò kó owó lọ fún Jésù. Ìdajì ohun ìní rẹ̀ ni ó fi fún tálákà, ó sì ṣe ìlérí láti san ìlọ́po mẹ́rin padà fún àwọn tí ó ti rẹ́ jẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni owó ni owó padà sí. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọkùnrin kan bá dìde ní ọjọ́ ìkórè, tí ó ní òun fẹ́ san owó padà fún àwọn tí òun rẹ́ jẹ, nítorí náà òun kò ní lè ra àga tuntun fún ìjọ ní ọdún yìí. Àwa kò mọ iye Bàbá Ìjọ tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yin kan yóò bi wá pé, ìyá tí ó gbé korobá ńkọ́? Bí ó bá ní ọmọ mẹ́ta, tí owó ilé ìwé kò sí, tí epo sì ń ṣàn ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ kí ìgbàgbọ́ ṣe fún un? Ìbéèrè gidi ni. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan fò ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wàásù fún ìyá yìí pé kí ó má ṣe bu epo, tí kò sì béèrè ohun tí ó jẹ ní àná, àfẹnusọ lásán ni ìwàásù rẹ̀. Ẹ padà lọ wo Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ opó ni ó fa ìgbà àkọ́kọ́ tí ìjọ Jerúsálẹ́mù ní kí àwọn ènìyàn yan àwọn tí yóò bójú tó nǹkan láàrin wọn. Àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé a ń fo àwọn opó tiwọn dá nígbà tí a bá ń pín in. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n lọ gbààwẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin 7 tí ìròyìn wọn dára. Bí ẹ bá wo orúkọ àwọn 7 náà, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. A ti ń ṣe ìṣèlú bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, a kò sì tíì rí ibi tí a ti fi ìpín lé ọwọ́ àwọn tí ń ráhùn báyìí.

Ní ti olórí, ọ̀rọ̀ wa kì yóò pọ̀. Ní 2012, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá wádìí owó ìrànwọ́ orí epo, ó sì ní kí a dá owó tí ó ju tírílíọ̀nù kan náírà padà sí àpò ìjọba. Alága ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ rán lẹ́wọ̀n ní 2021, nítorí owó dọ́là tí ó gbà lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan. Ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ àjà ni ó tẹ́wọ́. A kò sì gbọdọ̀ fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Àbújá nìkan. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Kristẹni, iṣẹ́ tí ó sì fi owó kòkó àti owó orí ṣe ní Ìwọ̀ Oòrùn kò ṣeé parẹ́: ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọ tálákà bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, ní 1962, Ìgbìmọ̀ Coker sọ pé owó àjọ tí ń ta kòkó gba ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan wọ inú àpò ẹgbẹ́. A mọ̀ pé àwọn tí ó gbé ìgbìmọ̀ náà dìde kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, a sì mọ̀ pé wọn kò yẹ ara wọn wò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kòkó ni ó ni owó, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jogún orúkọ rere àwọn aṣáájú wa gbọ́dọ̀ lè wí bẹ́ẹ̀ láìmikan.

Ẹ fi èyí wé ti obìnrin kan tí kò du ipò kankan rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, nǹkan ńlá bú gbàmù ní Abúlé Àdó, ó wó ilé, ó sì ba ilé ìwé Bethlehem Girls College jẹ́. Sister Henrietta Alokha ni ọ̀gá ilé ìwé náà. Ó ń kó àwọn ọmọbìnrin jáde, ó tún padà, títí ilé fi wó lù ú. Àwọn ọmọ yè, òun kú. A kò rò pé ẹnikẹ́ni tún ní láti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ náà ohun tí olórí jẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ tí yóò dun àwa àti ẹ̀yin. Ní ìdìbò gómìnà Èkìtì ti ọdún 2018, gbogbo ayé gbọ́ gbólóhùn náà, dìbò kí o sebẹ̀. Àwa olóṣèlú ni a gun àjà; ẹ̀yin ni ẹ dúró nísàlẹ̀, tí ẹ na ọwọ́. Nígbà tí ìdìbò bá ń bọ̀, àwọn kan yóò gbé ìrẹsì wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn yìí, a ó sì gbé ẹ̀rọ amúnáwá wá fún ìjọ pẹ̀lú orúkọ wa gàdàgbà lára rẹ̀. Bí ẹ bá gbà á, ẹ ti di ẹlẹ́rìí wa. Ẹ kò tún lè bi wá bí owó ìjọba ìbílẹ̀ ṣe lọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2020, tí ó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀pá epo tún gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá yìí, ẹ̀mí tún lọ. A bẹ ìjọ kọ̀ọ̀kan tí ó wà ní etí ọ̀nà ọ̀pá náà, kí ó yan ènìyàn 7, kí obìnrin wà nínú wọn, kí wọ́n sì mọ orúkọ gbogbo opó àti gbogbo ilé tí iná kò dá nínú rẹ̀ ní àdúgbò, yálà ọmọ ìjọ ni wọn tàbí Mùsùlùmí. Kí a ka ìwé owó ìjọ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, kí a sì pe orúkọ àwọn tí ó kú ní 2006 tí a bá mọ̀, kí a tó gbé igbá ọrẹ. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tánkà lóru, ẹ ké sí ọlọ́pàá. Bí ọlọ́pàá kò bá dáhùn, ẹ wá kan ilẹ̀kùn wa.