Kí ẹ tó ra ajílẹ̀ fún ẹ̀gẹ́ tí ọ̀mùnú rẹ̀ kò lágbára, ẹ wo igi tí ẹ gbìn

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dáko àti àwọn tó ń ta oúnjẹ sọ nílùú Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire.



Ẹni tó bá ti Èjìgbò wá sí Côte d'Ivoire mọ̀ pé bí gàrí ṣe jẹ́ sí wa nílé ni attiéké ṣe jẹ́ sí wọn níbí. Ẹ̀gẹ́ ni ìyá àwọn méjèèjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ ṣíṣe attiéké mọ́ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gẹ́ kò bá ta, kò sí attiéké, kò sì sí owó ọjà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ṣe é. Oko kan lè hù tán, kí ọ̀mùnú rẹ̀ tín-ín-rín, kí ewé rẹ̀ sì ká jọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á sáré lọ ra ajílẹ̀. Akọ̀ròyìn ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ ọ̀gbìn, àmọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń tẹnu mọ́ ni pé ara igi tí a gbìn ni ká ti kọ́kọ́ wò.

Inú igi ni oúnjẹ àkọ́kọ́ wà

Igi ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò ní gbòǹgbò. Oúnjẹ tó wà nínú igi náà ni ọ̀mùnú ń jẹ títí gbòǹgbò yóò fi mú ilẹ̀. Bí igi bá ti gbẹ, tàbí tó jẹ́ orí rẹ̀ tó ṣì tutù la gé, ebi ni ọ̀mùnú yóò bá jáde. Ajílẹ̀ kò lè gbà á nígbà yẹn, torí gbòǹgbò ni igi fi ń jẹ ajílẹ̀.

Ẹ gé igi lára ẹ̀gẹ́ tó ti lo oṣù 8 sí 12. Àárín igi ló dára jù. Kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kó sì ní ojú 5 sí 7. Bí ẹ bá fi àdá há a díẹ̀ tí oje funfun yọ kíákíá, igi náà ṣì yè. Bí oje kò bá yọ, ẹ má gbìn ín.

Ewé ló ń sọ ibi tí àrùn ti wá

Àrùn tí wọ́n ń pè ní mosaic máa ń fi àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sára ewé, ewé á sì lọ́. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. Ọ̀nà méjì ló ń gbà wọ oko: kòkòrò funfun kékeré tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé, àti igi tí a gbìn.

Bí àbàwọ́n bá ti wà lára ewé àkọ́kọ́ tó yọ nísàlẹ̀, igi ló gbé àrùn wá. Ẹ tètè fà á tu. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá mọ́ àmọ́ tí tòkè ní àbàwọ́n, kòkòrò ló gbé e wá lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín. Ẹ má gé igi rẹ̀ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Kò sí oògùn àrùn yìí, ajílẹ̀ kò sì lè wò ó. Ní Uganda, ní àwọn ọdún 1990, mosaic ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa á tì.

Nígbà tí orí ẹ̀gẹ́ di ṣùkù

Kì í ṣe gbogbo ọ̀mùnú tí kò lágbára ni mosaic mú. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tí ara rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Orí ẹ̀gẹ́ ló máa ń fà mu, ewé á sì kó jọ sókè bí irun tí a di ní ṣùkù.

Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren darí wọn, mú agbọ́n kékeré kan wá láti Paraguay, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lọ́dún 1981. Agbọ́n yìí ló ṣẹ́gun kòkòrò náà. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 1995. Nítorí náà, ẹ má kàn máa fín oògùn kòkòrò káàkiri, torí ó lè pa agbọ́n tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí òjò tó dé

• Ẹ so aṣọ mọ́ ẹ̀gẹ́ tó mọ́ nígbà tí ewé ṣì wà lára rẹ̀. Bí ewé bá ti rẹ̀ dànù, ẹ kò ní mọ èyí tó ní àrùn mọ́.

• Ẹ kó igi síbi ìbòòji, kó wà lóòró, kí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù.

• Bí ọ̀mùnú bá pọ̀ lórí igi kan, ẹ fi méjì tó lágbára jù sílẹ̀.

• Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn CNRA ní ibùdó níbí ní Bouaké. Ẹ béèrè irú ẹ̀gẹ́ tó ń kojú àrùn lọ́wọ́ wọn, bíi Bocou.

Inú rere ni ká fún aládùúgbò ní igi ẹ̀gẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn ṣe ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn. Igi tí ẹ kò bá lè gbìn sí oko yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ẹlòmíràn.