Ẹ̀jẹ̀ Ara Ẹni fún Irun Tí A Tún Gbìn

Ọ̀rọ̀ orí pípá la mú wá lónìí, ẹ má rẹ́rìn-ín o! Nínú hádíìsì adẹ́tẹ̀, apárí àti afọ́jú, nígbà tí Màláíkà bi apárí léèrè ohun tó wù ú jù, irun tó dára ló tọrọ, Ọlọ́hun sì fún un. Ibẹ̀ ni àwọn onímímọ̀ kan ti mú un pé wíwá ìwòsàn fún orí pípá kò léèwọ̀.

Àwọn dókítà a máa tú irun láti ìpàkọ́, wọn a sì gbìn ín síwájú orí, bí a ṣe ń tú ọmọ ata lọ sóko. Èyí tó wá gbòde báyìí ni PRP. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ẹni náà fúnra rẹ̀ láti apá, wọ́n á fi í sínú ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí. Ẹ̀jẹ̀ pupa á rẹlẹ̀, omi rúsúrúsú á lé sókè. Inú omi yìí ni wọ́n ti ń kó platelet jọ, àwọn wóró tín-tìn-tín tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá lójú egbò. Wọ́n tún ń tú èròjà tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù sójú ọgbẹ́. Irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ sínú omi náà, tàbí kí wọ́n gún omi náà sí awọ orí.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní Brazil, Uebel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára èèyàn 20, wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Níbi tí wọ́n gbin irun tí wọ́n rẹ sí, irun fi nǹkan bíi 15 nínú 100 pọ̀ ju ibi kejì lọ. Ó dára, àmọ́ èèyàn 20 kéré. Ajílẹ̀ ni PRP, kì í ṣe irúgbìn. Ibi tí gbòǹgbò irun ti kú pátápátá, bíi ti àwọn obìnrin wa tí irun dídì tó le koko ti jẹ iwájú orí wọn tipẹ́, PRP nìkan kò lè jí i. Kẹ́nikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀ ẹbí o.

Abẹ́rẹ́ ló ń bà wá lẹ́rù jù. Ẹ̀jẹ̀ tiwa ni lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ta ló wà? Ní New Mexico, ní Amẹ́ríkà, ilé ìṣaralóge kan tí kò ní ìwé àṣẹ ń gún PRP sójú àwọn obìnrin, títí wọ́n fi tì í pa ní 2018. Ní 2024, àjọ CDC jábọ̀ pé ó jọ pé ibẹ̀ ni obìnrin mẹ́ta ti kó kòkòrò HIV. Ojú ni tiwọn, kì í ṣe orí, ṣùgbọ́n irú omi kan náà ni. Nítorí náà, ẹ bèèrè: ṣé abẹ́rẹ́ tuntun ni? Ṣé wọ́n kọ orúkọ mi sára ìgò ẹ̀jẹ̀ mi? Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí àpá ara rẹ̀ máa ń wú, kó tètè sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá fífa ẹ̀jẹ̀ ń ba àwẹ̀ jẹ́, ní mẹ́sábì Màlíkì tí à ń tẹ̀lé, kò bà á jẹ́, àmọ́ wọn kò fẹ́ ẹ fún ẹni tó lè rẹ̀. Irun lè dúró di ẹ̀yìn ọdún Ìtúnu. Púpọ̀ nínú irun tí a gbìn a kọ́kọ́ gbọ̀n dànù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ń tó kó tó tún hù, nǹkan bí ọdún kan kó tó kún. Kẹ́ ẹ má lọ bá dókítà jà lóṣù kejì.