Ìlà Kan Lára Àmì Iná



Ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa a máa fi owó ẹyọ pa àrokò. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni wọ́n ń wí. Bí méjèèjì bá kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti di ìjà nìyẹn. Owó ẹyọ méjì yẹn náà ni. Ibi tí wọ́n kọjú sí ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwòrán iná ìtàgé rí. Kò tó kí a fi àmì sọ pé iná wà níbí. Ó yẹ kí a sọ bí gílóòbù inú rẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀.

PAR 64 ni mo ń bá wí, agolo dúdú gbọọrọ tí ẹ máa ń rí lókè ìtàgé àwọn olórin. Ojú gílóòbù rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 8, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í rí roboto. Ó máa ń gùn bí ẹyin. Irú gílóòbù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MFL ń tú ìmọ́lẹ̀ bíi dígíríì 28 ní òòró, 12 ní ìbú. Bí ó bá fi mítà 6 jìnnà sí ohun tó dojú kọ gan-an, ìmọ́lẹ̀ náà yóò gùn tó mítà 3, ìbú rẹ̀ kò sì ní ju mítà 1.3 lọ. Kí oníná ki ọwọ́ sí ìdí agolo, kó yí gílóòbù ní dígíríì 90, òòró á di ìbú. Agolo ò kúrò lójú kan, síbẹ̀ òṣèré tó dúró ní ìpẹ̀kun òòró náà tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sókùnkùn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo to iná 6 sórí páìpù kan, mítà méjì-méjì láàárín wọn, kí àwọ̀ búlúù lè tẹ́ bí ẹní láti apá ọ̀tún dé apá òsì. N kò fa ìlà kankan sára àmì wọn. Àwọn oníná ṣe ohun tí àwòrán wí, àwòrán ò sì wí nǹkan kan. Nígbà tí a tan iná lálẹ́, búlúù já sí abala-abala, òkùnkùn sì là á láàárín. Bí a ṣe ń gun àkàbà láti iná kan dé èkejì nìyẹn, títí òru fi jìn.

Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tọ́ka sí òòró ìmọ́lẹ̀ ì bá ti gbà wá. Ó wà lára ohun tí USITT, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàgé ní Amẹ́ríkà, kà sílẹ̀ nínú ìlànà wọn RP-2 ti ọdún 2006.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe da yíyí méjì pọ̀. Yíyí àmì ń sọ ibi tí agolo kọjú sí. Yíyí gílóòbù ń sọ bí ẹyin ìmọ́lẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀. Ẹni tó kàn fa ìlà lásán lé àmì lórí yóò rí i pé bí òun bá sún iná síwájú, ìlà á kù sẹ́yìn. Ẹ kọ yíyí gílóòbù sínú àkọsílẹ̀ iná náà fúnra rẹ̀, bí ètò kọ̀ǹpútà Vectorworks ṣe fàyè sílẹ̀ fún un, kí ìlà lè máa tẹ̀lé iná rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé ìlà náà nínú àlàyé àmì: ṣé òòró ìmọ́lẹ̀ ni, àbí wáyà inú gílóòbù? Ní ti iná tí a so mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, àwòrán tí a fi ojú òkè wò kò lè fi ìdúró hàn; ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́: òòró tàbí ìbú.

Ẹ má sì sọ pé ayé PAR àtijọ́ ti lọ. Nínú iná Source Four PAR, gíláàsì iwájú ni a ń yí dípò gílóòbù, ìbéèrè kan náà ló sì ń dojú kọ wá.

Ẹni tó máa ka àwòrán yín wà lórí àkàbà, ọwọ́ rẹ̀ kan di páìpù mú, ẹ ò sì sí nítòsí kó lè bi yín léèrè. Ẹ fa ìlà náà sílẹ̀ dè é. Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá.